Àpótí Tí Ń Pe Orúkọ Ìyá Àgbà

Ajé, 3 oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n tún bi mí léèrè ní àárọ̀ yìí pé, "Èwo nìyẹn?" Mo ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo dáhùn pé bàálù ni. Ó ní, "Mo mọ̀ pé bàálù ni, Àbúrò. Mo ní èwo." Mo wá sọ pé funfun ni, ó tóbi díẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Mi ò kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi rárá, ìkùukùu sì ti bo gbogbo ojú ọ̀run láti òwúrọ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó kọjú sí ògiri.

Yàrá ẹ̀yìn nìkan ni bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n yá wa ní ilé ìwòsàn gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, fèrèsé yàrá yẹn sì kọjú sí ẹ̀yìn ilé aládùúgbò. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún bàálù ṣe ò wá rí nǹkan kan mọ́ ju ògiri àti páìpù omi lọ. Ó kàn ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń kọjá lórí òrùlé ni. Ìyá Àgbà ló ń wá, bàálù akẹ́rù tó tọ́jú láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Igbákejì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ wọn báyìí, ló sọ fún un nígbà tó wá kí i pé Ìyá Àgbà ṣì ń fò. Láti ọjọ́ náà, kò sí ariwo tó kọjá tí kì í bi mí léèrè.

Mo ti ra rédíò kékeré náà lọ́wọ́ Kò-sí-wàhálà, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa. Ó ní bàálù kọ̀ọ̀kan ló ń pe orúkọ ara rẹ̀ lójú ọ̀run láìsinmi, pé rédíò yìí á gbọ́ ọ, ètò kan nínú kọ̀ǹpútà á sì túmọ̀ rẹ̀, á kọ ọ́ jáde. Ó ní kò sí wàhálà. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, èmi ti mọ̀ pé wàhálà ń wọ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìṣẹ́gun, 4

Ó ti dé. Rédíò náà kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ojú ihò yúésíbì ara kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀. Mo kì í bọ̀ ọ́, iná kékeré tàn lára rẹ̀, inú mi dùn. Mo ṣí ètò náà, ó ní òun kò rí rédíò kankan. Mo fà á yọ, mo tún kì í bọ̀. Kò rí i.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá Kò-sí-wàhálà. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe irú rédíò yìí fún láti ilẹ̀, kọ̀ǹpútà mi sì rò pé tẹlifíṣọ̀n la fẹ́ wò. Ó ti gbá a mú, kò jẹ́ kí ètò tiwa fọwọ́ kàn án. Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ kó tó gbowó mi. Ó ní kò sí wàhálà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Alátẹ́gùn gbé sílíńdà ọ́síjìn wá, òun àti sílíńdà ń kán tótó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọ́n ti tún fi owó lé e, ilẹ̀ ló ń wò tó fi sọ ọ́. Ó tẹ orúkọ Ẹ̀gbọ́n lójú fóònù rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, láti fi hàn pé a ti gbà á, ó bá òjò lọ.

Mo tún dín ìbàdí ṣòkòtò Ẹ̀gbọ́n kù. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́, àwọn tó ń sanra ni mo máa ń tú aṣọ wọn tún rán. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sáré tẹ̀lé ẹni tó ń rù. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, ó ní kí n fi àyè sílẹ̀ nítorí òun máa tó sanra. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo sunkún díẹ̀, mo padà wá rán an.

Àìkú, 9

Kò-sí-wàhálà wá sílé fúnra rẹ̀. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó má jẹ́ kí ọ̀ràn tẹlifíṣọ̀n yẹn jí mọ́, ó pa á, ó tún un tàn. Ètò náà rí rédíò wàyí. Tábìlì gbọọrọ kan tí wọ́n fi ìlà pín yọ lójú kọ̀ǹpútà, ibi tí orúkọ àwọn bàálù yẹ kó wà. Òfo ni. Bàálù kan kọjá tí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n, tábìlì náà ṣì funfun báláú.

Ẹ̀gbọ́n pariwo láti yàrá pé, "Èwo nìyẹn?" Kò-sí-wàhálà wò mí. Mo ní ó ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ó ní àńtẹ́nà tó bá a wá ni kò dára, ti tẹlifíṣọ̀n lòun náà. Ó ní kí n gé wáyà tó dúró ṣánṣán, sẹ̀ńtímítà méje dín díẹ̀, kí n fi rọ́pò rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo gé wáyà. Wíwọ̀n àti gígé ni mo fi ń jẹun, ta ló fẹ́ kọ́ mi? Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, mo gé e. Síbẹ̀ bàálù kan ṣoṣo ló yọ lójú tábìlì láti àárọ̀, ó ṣẹ́jú wàì, ó pòórá. Ó ti sú mi. Aṣọ oníbàárà mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn.

Ọjọ́rú, 12

Ẹ̀gbọ́n ní kí n mú wáyà náà wá. Ó fi ìka gbọ̀n ọ́n wò, ó ní kí n fún òun ní téèpù.

"Báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?"

"Bí wọ́n ṣe ní kí n wọ̀n ọ́n. Méje dín díẹ̀. Mo wá fi àyè ìránpọ̀ kún un, lókè àti nísàlẹ̀."

Ó fi téèpù lé wáyà náà. "Kí lo fẹ́ rán an mọ́?"

Mo ti fi àyè ìránpọ̀ sára wáyà. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ ò sì tán. Ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀. Mo ṣí ọ́síjìn sókè, mo gbé e jókòó, mo fọwọ́ ra á lẹ́yìn títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rín ni mo fẹ́ fi pa á. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé kí n lọ gé e.

Mo gé àyè náà kúrò. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ìlà kan fi yọ lójú tábìlì, òmíràn tẹ̀lé e: nọ́ńbà bàálù, bó ṣe ga tó, bó ṣe ń sáré tó. Mo gbé kọ̀ǹpútà sáré lọ sí yàrá bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n kà wọ́n, ó di ọwọ́ mi mú.

Àbámẹ́ta, 15

Àńtẹ́nà ti wà lórí òrùlé, nínú ìgò ike kí òjò má bàa pa á. Kò-sí-wàhálà ló gùn ún, àkàbà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n jẹ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ lónìí. Kọ̀ǹpútà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ariwo, á kọ́kọ́ dijú, á dárúkọ irú bàálù tó jẹ́, kó tó wo tábìlì láti mọ̀ bóyá òun gbà á. Ẹ̀gbọ́n mọ nọ́ńbà Ìyá Àgbà sórí, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà, ó pè é fún mi léraléra títí èmi náà fi mọ̀ ọ́n. Ó ní nínú bàálù, àpótí irin kékeré kan ló ń pe orúkọ náà. Ọwọ́ ara òun lòun fi so ti Ìyá Àgbà mọ́ ọn. Kí ìyàwó rẹ̀ tó kó jáde, obìnrin náà máa ń sọ pé Ìyá Àgbà ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́, òun kàn wá ṣe ẹlẹ́rìí ni.

Ìṣẹ́gun, 18

Kò síná. Bátìrì kọ̀ǹpútà ti kú. Ẹ̀gbọ́n kò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ó wá lónìí.

Mo ń fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n nígbà tí mo ṣèèṣì gbójú sókè, nọ́ńbà náà ló wà níbẹ̀ gan-an, ètò sì kọ irú bàálù tó jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Àgbà ti dé." Ariwo rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó ń ga sí i, ó gba orí wa kọjá. Ẹ̀gbọ́n dijú. Mo ń retí pé kó sunkún tàbí kó rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń tẹ́tí títí ariwo náà fi lọ tán.

Ó wá ní, "Kì í ṣe òun."

Mo ní kó wo tábìlì. Ó ní òun ti wò ó. Ó ní ẹ́ńjìnnì Ìyá Àgbà méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan rí, bí tọ̀tún bá ń lọ sókè, tòsì á máa lọ sílẹ̀, kò sí ohun tóun ò ṣe sí i. "Èyí tó kọjá yìí, ẹ́ńjìnnì méjèèjì gbọ́ra wọn yé. Nǹkan mìíràn ló ń jẹ́ orúkọ ẹ̀."

Mo rò pé àìsàn ti dé orí. Kí n sọ òótọ́, ohun tí mo rò nìyẹn, inú sì bí mi sí i. Gbogbo wàhálà yìí, kó wá ní kì í ṣe òun.

Ẹtì, 21

Kò-sí-wàhálà tú ètò náà palẹ̀, ó tún un tò. Ó ní ètò kì í dárúkọ tí wọn ò pè fún un. Ohun tí àpótí inú bàálù bá pè ni rédíò ń gbọ́, òun náà ni yóò kọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ pé kò sí wàhálà. Mo pe Igbákejì lórí fóònù. Mo ní ọ̀gá rẹ̀ ń béèrè ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Ìyá Àgbà. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Àìkú, 23

Igbákejì kó èso wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ọ̀gá, ara yín ti ń yá."

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ìyá Àgbà ńkọ́?"

Ó wò mí, bí ẹni pé mo lè gbà á. Mo bojú wo ibòmíràn.

"Wọ́n ti gé e, Ọ̀gá. Láti ọdún tó kọjá. Mi ò lè sọ ọ́ fún yín lórí àìsàn. Àwọn tó ń yọ́ irin ló rà á."

"Kí ni wọ́n fi ṣe?"

"Ìkòkò, mo rò."

Ẹ̀gbọ́n mí sínú, mo gbọ́ bó ṣe ń fọn nínú àyà rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò ní tutù." Ó wá ní, "Àpótí orúkọ ẹ̀ dà?"

Igbákejì wá sọ gbogbo rẹ̀. Àpótí inú bàálù tuntun tí wọ́n fi rọ́pò Ìyá Àgbà ló bàjẹ́, ẹrù sì ti wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n máa fi pààrọ̀ kò tíì dé. Ti Ìyá Àgbà wà lórí pẹpẹ, ó dára, Igbákejì mú un, ó so ó síbẹ̀. Ó yẹ kó pa nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ kó fi ti bàálù tuntun sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà. Ó ní tó bá di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè é sídìí bàálù tí táyà rẹ̀ bẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀la ti ń jẹ́ ọ̀la.

"Kí ni mo kọ́ ẹ lọ́jọ́ tí o dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Pé tí a bá tú nǹkan, ká má yíjú títí a ó fi dì í."

"O yíjú."

"Mo yíjú, Ọ̀gá. Ẹ má bínú. Tí mo bá sọ ọ́ fún wọn nísinsìnyí, wọ́n á lé mi."

"Sọ ọ́ fún wọn," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo sin Igbákejì dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá a sọ̀rọ̀, mo sì gbà.

Ajé, 24

Mo bá a sọ ọ́, a sì jà. Mo ní kí ló kàn án mọ́? Mo ní láti ọjọ́ tí nọ́ńbà yẹn ti ń yọ, ó kéré tán, ó ń ní kí n gbé òun jókòó, ó ń fẹ́ mọ ọjọ́ wo ni. Kódà bó bá jẹ́ irọ́, irọ́ náà ń mú kó mu ọbẹ̀. Mo rò pé yóò pa òwe irọ́ ogún ọdún fún mi, mo ti múra sílẹ̀ láti bínú sí i. Kò pa á.

Ó ní, "Tí bàálù yẹn bá já lónìí, ta ni wọ́n máa wá? Ìyá Àgbà ni. Wọ́n á wo ìwé, wọ́n á rí i pé wọ́n ti gé e ta, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló ń ṣàṣìṣe, wọ́n á lọ jẹun. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ á sì máa retí wọn."

Mo ní ṣé kò lè ní sùúrù ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni.

"Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ títí di ìgbà wo, Àbúrò?"

Àwa méjèèjì mọ ìgbà tí mo ní lọ́kàn. Ojú tì mí. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo rán apá ọ̀tún bùbá oníbàárà mọ́ ọrùn, mo tú u, mo tún rán an mọ́ ọrùn.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ìyá Àgbà tún kọjá, àbí kí n ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò ní kí n gbé òun jókòó. Nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó pè mí síta, ó ní kí n pe àwọn ẹbí tó bá wà. Mo ní èmi ni ẹbí.

Òjò kò tíì dá. Aṣọ tí mo fọ̀ ti ń rùn lórí okùn.

Àbámẹ́ta, 29

Igbákejì pè lọ́sàn-án. Ó ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àpótí náà ṣe kó tó lọ, wọ́n sì gbà fún un, ọ̀gá kan dúró tì í. Ó ní bàálù náà á gba orí wa kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní kí n sọ fún Ọ̀gá pé òun kò yíjú.

Mo gbé kọ̀ǹpútà sí ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti lè rí i, ṣùgbọ́n kò lajú. Ariwo náà dé. Ìlà kan yọ lójú tábìlì, nọ́ńbà tí mi ò rí rí.

Ó ní, "Èwo nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Mo kà á fún un, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì méjèèjì títí wọ́n fi jìnnà. "Òun náà nìyẹn," ó ní. "Ó ti jẹ́ orúkọ ara ẹ̀."

Mo ní, "Ìyá Àgbà ò ní wá mọ́."

"Kò wá látọjọ́ yìí."

Bí bàálù bá ti lọ jìnnà tí rédíò kò gbọ́ ọ mọ́, ètò náà kì í yára pa á rẹ́. Ìlà rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kó tó kúrò. Mo jókòó wò ó títí tó fi kúrò. Ẹ̀gbọ́n ti sùn.

Ọjọ́rú, 3 oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n kú ní àárọ̀ yìí. Mo ń ránṣọ lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́. Mo rán ojú ìlà tó wà lọ́wọ́ mi parí kí n tó dìde. Mi ò fẹ́ dìde.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù keje

Mo ti fà á tú, gbogbo ṣòkòtò tí mo dín kù fún un. Mi ò mọ ìdí. Kò sẹ́ni tó máa wọ̀ wọ́n.

Alátẹ́gùn kan ilẹ̀kùn, òun àti sílíńdà tó kún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó bọ́ fìlà, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé. Ó wá ní ìyá kan wà lódìkejì afárá tí kò lè mí dáadáa, tí wọ́n ní kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tí àwọn ń gbé e fún, pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó fi í sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ Ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi á kàn máa gbé e lọ fún ìyá náà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Àánú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo mọ̀. Mo tiẹ̀ ti fẹ́ sọ pé ó dáa. Mo wá bi í pé bí ọ́síjìn ìyá náà bá ṣàdédé tán, ta ni iléeṣẹ́ wọn máa pè? Ó ní nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni. Fóònù Ẹ̀gbọ́n wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀, mo ti pa á.

Mo ní kó gbé e lọ fún ìyá náà báyìí, kó má dúró mọ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ pa orúkọ Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́, kó fi tèmi sí i títí orúkọ ìyá náà fi máa jáde. Èmi wà láàyè. Bí wọ́n bá pè mí, màá gbé e, màá sáré kọjá afárá lọ wò ó.

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú kí n lè rí i. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n dúró díẹ̀ lójú fóònù náà, ó kúrò.

Alátẹ́gùn gbójú sókè, ìtìjú díẹ̀ wà lójú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń gbé atẹ́gùn wá fún wa, kò mọ orúkọ mi. Mo pè é fún un, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.